Ta Ni Yóò Bi Gẹdú Léèrè Ọ̀nà? Ìrìn Àjò Ìwé-Ẹ̀rí Igbó Ní Orílẹ̀-Èdè Gàbọ̀n

Ẹ kú ìjókòó o. Mo kí ẹ̀yin bàbá wa oníṣẹ́ igi, mo kí ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta pákó, mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ igbó nílé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè Gàbọ̀n ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti inú sọ́ọ̀mílì bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ wọ̀ mí lára.

Sọ́ọ̀mílì ni wọ́n tọ́ mi dàgbà sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí mọ òòlù tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó máa ń mú dání. Lẹ́tà àti nọ́ńbà yọ síta lórí irin rẹ̀. Bí wọ́n bá fi gbá ìdí gẹdú, àmì náà á kọ sára igi, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ìjọba ti rí igi yìí, owó rẹ̀ ti wọ àpò ìjọba, kí ó máa lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mi ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ọkọ̀ gẹdú mẹ́ta wọ ọgbà wa. Ẹ̀ṣọ́ igbó kankan kò bá wọn wá. Òòlù nìkan ló wá. Wọ́n fi àpò sìmẹ́ńtì wé e, abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́ jáde. Ọmọ ọkọ̀ kan tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, ó ń gbá a mọ́ ìdí igi lọ́kọ̀ọ̀kan, kó, kó, kó, bí ẹni ń fọ́ èkùrọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, igi olè ti di igi ìjọba. Bàbá mi la igi náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Nínú owó rẹ̀ ni wọ́n ti san owó ilé-ìwé mi ní sáà yẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé, ta ni yóò bi gẹdú léèrè ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa? Ìjọba ló ni òòlù, òòlù sì wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Oníṣòwò fẹ́ tà, oníbàárà fẹ́ kó pọ́ọ́kú, igi ò sì lẹ́nu. Ohun tó gbé mi dé ọ̀rọ̀ Gàbọ̀n àti ti ìwé-ẹ̀rí igbó nìyẹn, ìwé tó ń jẹ́rìí pé aṣàyẹ̀wò ti yẹ igbó àti bí wọ́n ṣe ń gégi rẹ̀ wò, ó sì tọ́. Orílẹ̀-èdè tó ń fi igi jẹun ni, ó sì ti ń bá ìbéèrè yìí wọ̀yá ìjà fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ìsàlẹ̀ Kamẹrúùnù ni Gàbọ̀n wà, létí òkun. Gbogbo ará ibẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó ń gbé Èkó. Bí ẹ bá pín ilẹ̀ wọn sí ọ̀nà 100, igbó ló gba nǹkan bíi 88 nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó rí epo rọ̀bì ní 1956, igi ló ń bọ́ wọn, pàápàá igi kan tí wọ́n ń pè ní okoumé. Ó fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọn bàbá ńlá wọn ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi láti inú rẹ̀, wọ́n sì ń fi oje rẹ̀ tan ògùṣọ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, wọ́n rí i pé bí a bá so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí, tí a wá fi ọ̀bẹ gígùn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ńṣe ló máa ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹní tí wọ́n ń tú. Awẹ́ fẹ́lẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra wọn tó fi ń di pílàáwúùdù. Títí dòní, bí ẹ bá yọ iṣẹ́ ọba kúrò, iṣẹ́ igi ló gba ènìyàn jù ní Gàbọ̀n.

Ìwé-ẹ̀rí tí mo ń sọ yìí ńkọ́? Ní 1992, àwọn olórí orílẹ̀-èdè pàdé ní Rio de Janeiro ní Bràsíl, wọ́n fẹ́ fohùn ṣọ̀kan lórí òfin kan tí yóò de gbogbo ayé nípa igbó. Kò ṣeé ṣe. Àwọn tó ní igbó sọ pé ohun ìní àwọn ni, kí ẹni tó ti gé tirẹ̀ tán má wá pàṣẹ fáwọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹgbẹ́ aláàbò igbó, àwọn oníṣòwò igi àti àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará oko pàdé ní Toronto, wọ́n dá Forest Stewardship Council sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní FSC. Wọn kò dúró de ìjọba kankan mọ́. Ohun tó wù mí jù nínú ètò wọn ni pé yàrá mẹ́ta ni wọ́n pín ẹgbẹ́ náà sí, ti àyíká, ti àwùjọ àti ti ọrọ̀ ajé, agbára ìbò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dọ́gba. Olówó kò lè fi owó ra ohùn ará oko mọ́ ọn lẹ́nu. Ní 1999, àwọn onígbó ní Yúróòpù, tí ọ̀pọ̀ wọn jogún igbó wọn lọ́wọ́ ìdílé, dá ètò tiwọn sílẹ̀, PEFC, tó máa ń fọwọ́ sí ìlànà tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá ṣe fúnra rẹ̀. Lábẹ́ èyí ni Gàbọ̀n ti ní ètò tirẹ̀, tó ń jẹ́ PAFC. 2009 ni PEFC fọwọ́ sí i, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí FSC àkọ́kọ́ tó wọ Gàbọ̀n kò pẹ́ láyé. 1996 ni wọ́n fún ilé-iṣẹ́ kan. Àwọn ẹgbẹ́ aláàbò igbó fi ẹjọ́ sùn pé ilẹ̀ tó ń gé kan igbó Lopé, èyí tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ẹranko, nígbà tó sì di 1997, ìwé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan a máa ka ìtàn yìí sí ẹ̀gàn fún FSC. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi gbé sọ́ọ̀mílì, mi ò rí òòlù ìjọba kan rí tí ará ìta sọ pé irọ́ ni àmì rẹ̀, tí wọ́n sì pa àmì náà rẹ́.

Ní òpin 2001, Gàbọ̀n ṣe òfin igbó tuntun. Òfin náà ní ilé-iṣẹ́ tó bá gba igbó lọ́wọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ kàn wọlé kó máa gé. Ó gbọ́dọ̀ ka igi inú rẹ̀, kó ya àwòrán rẹ̀, kó pín in sí abala, abala kan fún ọdún kan. Bí wọ́n bá gé abala kan lónìí, ó di nǹkan bí ọdún 25 kí wọ́n tó padà síbẹ̀. Ẹ fọkàn bá mi ṣírò rẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n gé abala yẹn á ti dàgbà, á ti níyàwó, kí ẹ̀rọ ayùn tó tún dún níbẹ̀. Láàárín hẹ́kítà kan, tó ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, igi kan tàbí méjì péré ni wọ́n sábà ń mú.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú irú igbó bẹ́ẹ̀ tó ní ìwé-ẹ̀rí, ká jọ tẹ̀ lé igi kan ṣoṣo. Kí agégi tó dé, àwọn akàgi ti kọjá. Wọ́n ń rìn ní ìlà, ẹnì kan ń pe orúkọ igi, èkejì ń kọ ọ́, ẹ̀kẹta ń kan nọ́ńbà mọ́ ara rẹ̀. Wọ́n sàmì sí igi tí wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: ìyá igi tó ń so èso, igi etí odò, igi tí ará abúlé ń jẹ èso rẹ̀. Moabi ni mo fẹ́ràn láti máa fi ṣàpẹẹrẹ. Igi ńlá ni, erin ń jẹ èso rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń fún òróró nínú kóró rẹ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe ń fún òrí. Láti 2009 ni ìjọba Gàbọ̀n ti ka gígé rẹ̀ léèwọ̀, òun àti igi mẹ́rin mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni agégi á tó wá. Ó ti yan apá ibi tí igi máa ṣubú sí kó má bàa wó àwọn kéékèèké mọ́lẹ̀. Bí igi bá ti ṣubú, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n máa kọ sórí kùkùté. Òun kan náà ni wọ́n máa kọ sí ìdí gẹdú. Bí wọ́n bá gé gẹdú sí mẹ́ta, nọ́ńbà náà á bá ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, pẹ̀lú àfikún tó fi hàn pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó wọ ọkọ̀, ìwé ọkọ̀ gbé nọ́ńbà náà. Ó dé ilé ìlagi, ìwé ilé ìlagi gbé e. Ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò lè mú pákó kan, kó máa bọ̀ lẹ́yìn lẹ́yìn títí á fi dé ìdí kùkùté nínú igbó, kó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Kùkùté yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Kò ṣeé wé sínú àpò sìmẹ́ńtì. Kò ṣeé gbé sábẹ́ ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà tí wọ́n bá la fún gẹdú ni ọdẹ ń gbà wọlé, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé-ẹ̀rí fi ní kí wọ́n dí ọ̀nà pa lẹ́yìn iṣẹ́, kí awakọ̀ gẹdú má gbé ẹran ìgbẹ́, kí ilé-iṣẹ́ sì ní ibi tí òṣìṣẹ́ ti lè ra ẹran àti ẹja ní owó tó mọ níwọ̀n. Gàbọ̀n ní erin inú igbó tó tó 95,000 nínú ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní 2021. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó ní tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó fi máa di 2009, ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta ti gba ìwé FSC níbẹ̀, igbó wọn lápapọ̀ sì súnmọ́ mílíọ̀nù hẹ́kítà méjì. Ní 2010 ni ìjọba wá sọ pé gẹdú tútù kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ igi Gàbọ̀n, kó wá là á, kó bó o nílẹ̀ Gàbọ̀n, kí ọmọ onílẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe. Wọ́n kọ́ àgbègbè iṣẹ́ ńlá sí Nkok, nítòsí Libreville, olú-ìlú wọn. Ẹ̀rọ tó ń bó okoumé níbẹ̀ pọ̀ dé ibi pé Gàbọ̀n di ọ̀kan lára àwọn tó ń ta awẹ́ igi fẹ́lẹ́ jù láyé. Mo gbóríyìn fún wọn. Àwa tí à ń ta igi wa ní tútù, tí à ń padà ra àga, ó yẹ ká wò ó dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀nà náà tẹ́jú. Igi kan wà tó ń jẹ́ kevazingo, líle, pupa, ó lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀. Àwọn olówó Ṣáínà ń fi odidi rẹ̀ ṣe tábìlì ńláńlá. Ní 2018 ìjọba ka gígé rẹ̀ léèwọ̀. Ní oṣù Kejì 2019, wọ́n bá a ní èbúté Owendo, nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ̀nténà, ìwé tó bá a rìn sì sọ pé okoumé ni. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Kó tó di òpin oṣù Kẹrin, 353 nínú àwọn kọ̀nténà náà ti dàwátì, nínú èbúté tí ṣọ́jà àti aṣọ́bodè wà. Ní oṣù Karùn-ún ààrẹ Ali Bongo yọ igbákejì rẹ̀ àti mínísítà igbó lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn yẹn, ọmọ ọkọ̀ tó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu ni mo rántí. Ìwé wà, òǹtẹ̀ wà, orúkọ igi wà níbẹ̀ kedere, irọ́ sì ni gbogbo rẹ̀, torí kò sí ẹni tó lè bá ìwé náà padà dé ìdí kùkùté.

Ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ààrẹ kan náà ti kéde pé gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń gégi ní Gàbọ̀n gbọ́dọ̀ gba ìwé FSC kó tó di 2022, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìjọba á gba igbó rẹ̀. Ẹnu ya ayé, torí ohun tí oníṣòwò ń fi ìfẹ́ inú rẹ̀ ṣe ló fẹ́ sọ di dandan. Kò wá rọrùn. Wọ́n sún ọjọ́ náà sí 2025, wọ́n sì gba PAFC mọ́ ọn. Èyí tó ṣiṣẹ́ lójú tèmi ju ìhalẹ̀ lọ ni owó orí ilẹ̀. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó bá ní FSC tàbí PAFC á san 300 faranki CFA, owó tí wọ́n ń ná ní Gàbọ̀n, lórí hẹ́kítà kan. Èyí tó ní ẹ̀rí pé kò rú òfin nìkan á san 600. Èyí tí kò ní nǹkan kan á san 800. Bí ẹ bá ní hẹ́kítà 200,000, ẹ ṣírò ìyàtọ̀ tó wà láàárín 300 àti 800: 100 mílíọ̀nù faranki lọ́dún kan. Oníṣòwò gbọ́ èdè yẹn.

Ó nídìí tí owó fi ṣe kókó. Ẹni tó gba ìwé-ẹ̀rí ń san owó akàgi, ó ń kọ́ ilé tó bójú mu fún òṣìṣẹ́, ó ń ra àṣíborí àti bàtà ààbò, ó ń fi igi tó lè tà sílẹ̀ lóòró. Nígbà tó bá dé ọjà, òun àti ẹni tí kò ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ta okoumé. Ní Yúróòpù, òfin ti ka igi àìtọ́ léèwọ̀ láti 2013, àwọn oníbàárà kan sì ń béèrè ìwé kí wọ́n tó sanwó. Nínú ọ̀pọ̀ ọjà Éṣíà, iye owó nìkan ni wọ́n ń béèrè.

Àbùkù kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún yín. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò ló ń sanwó fún ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ẹnu tó bá jẹ dòdò kò ní lè sọ òdodo. Mo ti gbọ́ ẹni tó sọ pé nítorí èyí, òfo ni gbogbo ètò náà. Mi ò gbà. Àkọsílẹ̀ ohun tí aṣàyẹ̀wò rí kì í wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan. Wọ́n ń gbé kókó rẹ̀ síta, ará abúlé, oníròyìn, ẹgbẹ́ aláàbò igbó, wọ́n lè kà á, wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́. Àwọn mìíràn tún wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa yẹ aṣàyẹ̀wò fúnra rẹ̀ wò. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá tì, ẹni tó jẹ dòdò ti borí. Bó bá ṣí, apá rẹ̀ kò ní ká gbogbo ènìyàn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìtàn Massaha ju gbogbo ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí lọ. Abúlé kékeré kan ni, ní ìpínlẹ̀ Ogooué-Ivindo, àwọn ẹ̀yà Kota ló ń gbé ibẹ̀. Ìjọba ti fi igbó wọn fún ilé-iṣẹ́ agégi kan láti ilẹ̀ Ṣáínà. Lórí àwòrán ìjọba, igbó tó ṣófo ni. Ṣùgbọ́n inú igbó yẹn ni ahoro àwọn baba wọn wà. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, mi ò ní láti ṣàlàyé ohun tí ahoro jẹ́ fún yín: ibi tí ẹ ti máa rí igi eléso tí ènìyàn gbìn láàárín igi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tí àgbàlagbà á na ọwọ́ síbì kan pé ibẹ̀ ni ojú ààfin, ibí ni ojúbọ, ọ̀hún ni a sin bàbá bàbá mi sí. Àwọn ará Massaha kò fi igbe nìkan jà. Wọ́n rin igbó náà, wọ́n gba àmì ibi kọ̀ọ̀kan sórí ẹ̀rọ, wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ tiwọn, ó lé ní hẹ́kítà 11,000, wọ́n wá kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú igbó àgéjẹ. Ní 2022, Lee White, mínísítà igbó nígbà náà, ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti di ọmọ Gàbọ̀n, wá sí abúlé náà fúnra rẹ̀. Ó wọ igbó, ó rí ohun tí wọ́n rí, ó sì ní kí ilé-iṣẹ́ náà kẹ́rù kúrò.

Ìjọba yẹn ti lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2023, àwọn ológun gba àkóso, Lee White sì kúrò nípò. Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ tí àwọn ará Massaha yà ṣì jẹ́ tiwọn.

Ní tiwa ńkọ́? Ẹ lọ sọ́jà igi ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ béèrè ìrókò, ẹ béèrè ọ̀pẹ̀pẹ̀, wọ́n á dá yín lóhùn. Èdè Yorùbá ni òyìnbó fi ń pè wọ́n nínú ìwé òwò. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ yìí kan náà ni àwọn ará Gàbọ̀n ń pè ní bilinga. Ẹnu wa ló sọ igi wọ̀nyí lórúkọ fún ayé, síbẹ̀ ẹ wo ibi tí a bá ara wa: ní 2018, àjọ CITES tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tó ń tán lọ ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dáwọ́ ríra igi kosso dúró lọ́wọ́ Nàìjíríà. Ìbátan igi osùn wa ni, àwọn Hausa ń pè é ní madobiya. A ti gé e dé ibi tí ìwé wa kò níyì mọ́ lójú ẹni tó ń rà.

Mi ò wá síbí láti ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa lọ gba FSC lọ́la. Igbó ọba wa kò tíì dé ibẹ̀. Ohun kékeré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n lẹ orúkọ ẹni tí wọ́n fún láṣẹ àti iye igi tó lè gé mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì igbó àti ààfin baálẹ̀ tó wà nítòsí, kí wọ́n sì máa kọ nọ́ńbà sórí kùkùté. Ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ló gbà.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, èmi àti ọmọkùnrin kan tó mọ ọ̀nà rin inú igbó ọba kan láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Kùkùté 41 la kà. Díẹ̀ nínú wọn ṣì ń ṣe oje. A fi ọwọ́ nu ìyẹ̀fun pákó kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a wò ó yíká. Ọ̀kankan nínú wọn kò ní nọ́ńbà.